Kọ̀ǹpútà Tí Kò Tàn, àti Omi Tí Ìyá Wọ́n Sí I

Ṣọ́ọ̀bù mi,
Ìkòròdú.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé rẹ. Mi ò ní bèèrè bóyá àlàáfíà lo wà, torí mo mọ̀ pé o ò sí ní àlàáfíà. Èmi náà, ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n nígbà tí o pè mí lánàá, ìwọ ń sunkún, èmi ń pariwo, a ò gbọ́ ara wa yé. Ohun tí mo fẹ́ sọ gùn, ó sì ní ibi tó máa dé tí wàá fẹ́ pa fóònù mọ́ mi létí. Ìwé kò ṣeé pa. Awakọ̀ kan tó ń ná Ẹ̀pẹ́ ló máa bá mi gbé e wá fún ọ. Jọ̀ọ́, kà á tán kí o tó fọwọ́ kan súkúdíráfà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tí o sọ fún mi sọ, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́. Àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ ní kí o máa jókòó sílé rẹ ní Ẹ̀pẹ́, kí o máa yàwòrán ilé fún wọn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ò ń gbé kiri tẹ́lẹ̀ kò lágbára iṣẹ́ yẹn. O wá ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, o sì tò ó fúnra rẹ lórí tábìlì tí ẹ ti ń jẹun. Inú mi dùn sí ìyẹn, mi ò purọ́. Ọmọ mi tò ó láìpe ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo fún ọ ní páwà sọ́pláì, àpótí irin kékeré tó ń gba iná láti ara ògiri tó ń pín in fún àwọn yòókù. O jáde lọ ra okùn iná. Kí o tó dé, ìyá ọkọ rẹ bu omi sínú abọ́, wọ́n ké Fátíhà sí i, wọ́n sì fi ìka mẹ́ta wọ́n ọn sí iwájú kọ̀ǹpútà náà, kí iṣẹ́ tuntun lè tù ọ́ lára. O wọlé, o rí omi, o pariwo. O fi aṣọ nù ún, o ki okùn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, o tan iná lára ògiri. Ó dún pá! Òórùn burúkú jáde. Láti ìgbà náà, fáànù rẹ̀ kò yí, iná kankan kò tàn lára rẹ̀.

Ibi tí o bá mi sọ ọ́ dé nìyẹn. O ní, "Bàbá mi, Màmá ti bà á jẹ́." O wá bú sẹ́kún, mo rò pé tìtorí ẹ̀rọ ni.

Ọkọ rẹ ló pè mí láàárọ̀ yìí. Wàsíù kì í ṣe ẹni tó máa ń fẹjọ́ ìyàwó sùn, ìwọ náà mọ̀. Ó kí mi títí, ó bèèrè ẹsẹ̀ mi, ó bèèrè ọjà, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú ikùn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ìyá mi ò sí lọ́dọ̀ wa mọ́. Wọ́n ti bá ọkọ̀ àwọn ọlọ́jà lọ sí Ejìnrìn." Mo bi í pé kí ló dé.  Ó sọ fún mi pé bí ẹ̀rọ yẹn ṣe dún, o yíjú sí Ìyá, o wò wọ́n láti òkè délẹ̀, o ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí." O sì dákẹ́ síbẹ̀.

Háà, Mojísọ́lá! Ta ni ọmọ Yorùbá tí kò mọ bí òwe yẹn ṣe parí? Ìdajì lo sọ, odindi ni wọ́n gbọ́. O pe ìyá ọkọ rẹ ní àjẹ́ nítorí kọ̀ǹpútà! Ojú tì mí. Mo ń dá Wàsíù lóhùn bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jí iṣu.

Ohun kan wà tí o ò mọ̀, tí ọkọ rẹ kò sì fẹ́ sọ fún ọ. Kí ìyá yẹn tó fẹ́ bàbá Wàsíù, wọ́n ti ní ilé ọkọ kan rí. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n sin níbẹ̀, ìkókó ni gbogbo wọn. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ohun tí obìnrin yìí bá ti fọwọ́ kàn kì í yè. Wọ́n di ẹrù rẹ̀ lé e lórí. Ìyá padà sí Ejìnrìn, wọ́n dúró nídìí ẹja yíyan, ó sì pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tún gbà fún ọkùnrin kankan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbé sin ni o lọ fi ẹnu hú jáde lórí tábìlì oúnjẹ.

Ní báyìí, ọ̀dọ̀ àbúrò Wàsíù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Ejìnrìn ni wọ́n wà. Wàsíù ní wọ́n ń fọ aṣọ ọmọ, wọ́n ń gbé omi ọmọ kaná, ṣùgbọ́n wọn ò gbé ọmọ náà. Bí ìyá ọmọ bá nà án sí wọn, wọ́n á ká ọwọ́ wọn sábẹ́ ìborùn. Wọ́n á ní, "Ẹ gbé e fún ẹlòmíì. Ọwọ́ mi ò dáa." Ìyá àgbà ò gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀! Nígbà tí Wàsíù sọ ìyẹn, ó ní òun máa tún mi pè. Kò pè mọ́.

Ìyá tìrẹ ti lọ, ilẹ̀ ti jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ tí a gbé ọ relé ọkọ, ìgbà tí mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò bí òpè, Ìyá Ejìnrìn ni wọ́n wá bá mi. Wọ́n ní, "Bàbá Mojí, ẹ lọ sùn. Èmi ni mo bímọ, ẹ̀yin kọ́." Mo lọ sùn lóòótọ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ sùn dáadáa. Ẹni tí o lé nílé nìyẹn.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí ṣe: kí a mọ ohun tó pa kọ̀ǹpútà, kí Ìyá sì lè gbé ọmọ. Mo máa bẹ̀rẹ̀ látorí kọ̀ǹpútà, torí ìyẹn ni mo mọ̀.

Èkínní, a kì í fi ìbínú wá àìsàn ẹ̀rọ. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Ẹdẹ, tíṣà kan gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wá, ó ní kò tàn. Ọ̀gá mi ò sí nílé. Mo ní ọjọ́ tèmi dé nìyí. Mo tú tẹlifíṣọ̀n yẹn bí ẹni tú adìyẹ ọdún, mo yọ́ òjé kúrò lára gbogbo ohun tí wọ́n fi òjé lẹ̀, mo tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá dé, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ṣé o ti gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì?" Tẹlifíṣọ̀n kò ṣe nǹkan kan: sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù ti kú láti àárọ̀, mi ò mọ̀, okùn iná ilé tíṣà náà ló sì já. Ọ̀gá mi ò nà mí. Ó kàn ní kí n tò ó padà, mi ò sì lè tò ó. Ìta la ti ń bẹ̀rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Fi iná tábìlì dán sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wò. Yẹ okùn wò. Wo súwíìṣì kékeré tó wà lẹ́yìn páwà sọ́pláì, bóyá ó ṣí tàbí ó pa. Ohun tó kéré débi pé ojú á tì ọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò gan-an ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Èkejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà. Bí o bá pààrọ̀ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan, tó bá tàn, o ò ní mọ èyí tó jẹ́ kó tàn. Tú gbogbo rẹ̀ kúrò lára bọ́ọ̀dù ńlá tí a to àwọn ẹ̀yà mọ́, fi ọpọlọ rẹ̀ tó ń ṣírò àti fáànù orí rẹ̀ nìkan sílẹ̀, pẹ̀lú ráàmù ẹyọ kan, ọ̀pá pẹlẹbẹ tó ń bá a rántí nǹkan. Ráàmù yẹn, tẹ̀ ẹ́ wọlé títí tí wàá fi gbọ́ kẹ́. Bí kò bá wọlé, yí i padà, má fi agbára ṣe é. Èmi ti fi agbára ṣe é rí, mo fọ́ bọ́ọ̀dù olóbọ́ọ̀dù. Okùn tó ń gbé iná lọ sí bọ́ọ̀dù, méjì ni: ńlá kan, kékeré kan tó wà ní igun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ. Kékeré yẹn ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò ó máa ń gbàgbé. Wo abẹ́ bọ́ọ̀dù náà, bóyá ìdè irin kan, síkúrù, ti já bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Irin kékeré tó jókòó síbi tí kò yẹ lè mú kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Ẹ̀kẹta ni òwe tí o pa. Ó dùn lẹ́nu, mo gbà. Ṣùgbọ́n nídìí iṣẹ́ wa, irọ́ ló ń pa. Gbogbo oníbàárà tó bá gbé nǹkan wá ló ní àjẹ́ tirẹ̀. Èyí á ní, "Láti ìgbà tí ọmọ aládùúgbò wá wo bọ́ọ̀lù ni." Tọ̀hún á ní, "Ìyàwó mi ló fi ìgbálẹ̀ kàn án." Mo máa ń dá wọn lóhùn "ẹn-ẹn," mo máa ń ṣí i, eèrà ni mo máa ń bá nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ló fa èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn.

Gbé ti Ìyá yẹ̀ wò pẹ̀lú mi, kí o fi ojú oníṣẹ́ wò ó. Omi tó wà ní ìka mẹ́ta, báwo ló ṣe pọ̀ tó? Iwájú ni wọ́n wọ́n ọn sí, lórí irin. O nù ún kúrò. Ìwọ fúnra rẹ sọ pé o ò tíì tẹ bọ́tìnnì iwájú nígbà tó dún, o kàn tan ti ara ògiri ni. Ìwọ náà lo sọ pé ẹ̀yìn ni òórùn yẹn ti wá. Omi wà níwájú, ohun tó kú wà lẹ́yìn. Kò bá ara mu. Ó ku kí n sọ fún ọ pé kí o máà wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu lórí páwà sọ́pláì, torí èmi fúnra mi ni mo dán an wò, fáànù rẹ̀ sì yí dáadáa lórí

Mojísọ́lá, mo fi bíìrò sílẹ̀ níbi tí mo kọ ọ́ dé yẹn. Mo ti dìde, mo ti lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ti padà wá jókòó. 

"Lórí tábìlì mi" ni mo fẹ́ kọ. Ìwọ náà mọ tábìlì ẹ̀yìn yẹn. Ìkìlọ̀ tí mo máa ń ṣe fún yín ní kékeré ni pé ẹ má ki nǹkan ilé bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọjà tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wá, iná wọn kéré sí tiwa, ìdajì tiwa ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ẹ̀rọ tó ń rẹ iná sílẹ̀ sí abẹ́ tábìlì yẹn. Páwà sọ́pláì tí mo fún ọ, tòkunbọ̀ ni. Ojú pupa kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a máa ń yí: 115 fún iná tiwọn, 230 fún iná tiwa. Nígbà tí mo fẹ́ dán an wò lórí tábìlì yẹn, mo yí i sí 115. Fáànù yí, inú mi dùn, mo sọ ọ́ sínú ọ̀rá, mo ní kí Ọlọ́run fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rere fún ọ.

Ṣé mo yí i padà? Mo jókòó, mo ń wá a nínú orí mi, mi ò rí i. Méjì ni mo rà lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ kan náà ni mo dán àwọn méjèèjì wò. Èkejì ṣì wà nínú ọ̀rá tirẹ̀. Mo lọ tú u. Ojú pupa yẹn, 115 ló wà.

Èmi ni.

Lọ sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà rẹ báyìí, kí o wò ó. Bí o bá rí 115, a jẹ́ pé iná tó ju agbára rẹ̀ lọ ni a dà lé e lórí, ó sì kú bí o ṣe tan ti ara ògiri. Òun ló dún pá. Òun lo gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìbáà ṣe pé Ìyá wọ́n omi, ìbáà ṣe pé wọ́n sùn lọ láì mọ̀ pé o tò ó, ó máa kú náà ni. Ẹni tí a bá ń bẹ̀ pé kó fẹ́ ni lójú kì í fi ata sẹ́nu. Èmi fi ata sẹ́nu, mo sì fẹ́ ọ lójú.

Ẹ̀kẹrin wá nìyí, mi ò mọ̀ pé mo máa kọ ọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ṣé o mọ ìdí tí àwa méjèèjì ò fi wo ibẹ̀? Torí ọwọ́ bàbá ló ti wá ni. Lánàá, mo bi ọ́ léèrè páwà sọ́pláì, o ní, "Èyí tí ẹ fún mi kò lè ní wàhálà." Inú mi dùn, mi ò tún bèèrè mọ́. Ohun tó ti ọwọ́ Ìyá wá, ìyẹn la kọ́kọ́ nàka sí. Ohun tó ti ọwọ́ ẹni tí a fẹ́ràn, a fò ó dá. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Àṣé inú ṣọ́ọ̀bù mi ni tìrẹ ń gbé, ó ń jẹun, ó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá. Láti òní lọ, ohun tó bá dá ọ lójú jù ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ìbáà jẹ́ èmi.

Má yí ojú pupa yẹn padà kí o wá tún un tàn. Má sì ṣí àpótí irin yẹn, iná máa ń sá pamọ́ sínú rẹ̀ kódà nígbà tó bá ti kú. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ẹ̀yà yòókù ṣì wà láàyè, torí páwà sọ́pláì máa ń kú dípò wọn nígbà mìíràn. Ó sì ṣeé ṣe kó ti kó ràn wọ́n. Mi ò ní tàn ọ́. Mo máa wá òmíràn wá, mo sì máa dán an wò lórí iná ilé rẹ, níṣojú rẹ. Bí o bá pàdánù iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ mi ni kí o ti bèèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìyá ló kù, òun ló sì le jù. Ẹyin lọ̀rọ̀. Mi ò mọ súkúdíráfà tí a fi ń tún un ṣe.

Ohun tí mo rò ni pé kí o tú ìdè mẹ́rin tó wà lẹ́yìn yẹn, kí o yọ òkú páwà sọ́pláì náà jáde, kí o fi aṣọ wé e, kí o sì gbé e lọ sí Ejìnrìn. Kúnlẹ̀. Má ṣàlàyé iná Amẹ́ríkà fún wọn. Má sọ pé iṣẹ́ èṣù ni, èṣù kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹnu rẹ ni, àti iṣẹ́ ọwọ́ mi. Tú aṣọ yẹn, kí o nà án sí wọn kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ìyá yẹn ti ń yan ẹja kí a tó bí ọkọ rẹ. Wọ́n mọ òórùn ohun tí iná jó, wọ́n sì mọ ti ohun tí omi bà jẹ́, kò sẹ́ni tó máa kọ́ wọn. Bí wọ́n bá ti gbóòórùn rẹ̀, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ló sun ún, pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Jẹ́ kí wọ́n bú ọ bí wọ́n bá fẹ́. Bí Wàsíù kò bá tíì fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀, má bá a jà.

Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa gbà. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún lẹ́ẹ̀kan pé ọwọ́ rẹ̀ ń pa nǹkan, tó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì lẹ́nu ẹni tó pè ní ọmọ, ó lè ṣòro kó tún gbà pé irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n èmi náà ń bọ̀ ní Ejìnrìn. Mo máa ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa bá ọ níbẹ̀, kí a jọ dọ̀bálẹ̀ kí a jọ kúnlẹ̀.

Nígbà tí páwà sọ́pláì tuntun bá sì dé, tí o bá ti tò ó tán, má tàn án. Fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Jẹ́ kí Ìyá padà wá, kí wọ́n bu omi sínú abọ́, kí wọ́n ké Fátíhà, kí wọ́n wọ́n ọn sí iwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é lọ́jọ́ yẹn, kí o tó tan ti ara ògiri. Bí wọn ò bá wá, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Bí mo bá dé Ejìnrìn, mi ò ní bi ọ́ bóyá kọ̀ǹpútà tàn. Ọwọ́ Ìyá ni mo máa wò, bóyá ọmọ wà nínú rẹ̀.

Èmi ni,
bàbá rẹ, ẹni tó sun ún.